Odò Di Méjì, Ọ̀nà Ò Sí Mọ́

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ lánàá, omi ló gbé e wá. Ìyá Aránṣọ ló pe ẹjọ́ náà. Bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó wọlé, nítorí ẹrẹ̀ ti mu ún dé ọrùn ẹsẹ̀, kò sì fẹ́ ba ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù jẹ́. Abẹ́rẹ́ kan ṣì wà láyà aṣọ rẹ̀, òwú dúdú ń fì nídìí rẹ̀. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló ti dìde wá, kò sì rántí yọ ọ́.

Àwọn tó pè lẹ́jọ́ ti jókòó kó tó dé. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ni Ọ̀gá Tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì; òun ni alága ìgbìmọ̀ tó ń tún ọ̀nà ṣe. Àbúrò ni Apòògùn, tó ń ta oògùn ní ìkóríta. Òun ni alága ìgbìmọ̀ tó ń tún odò ṣe. Bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n jókòó lé, ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ní ìparí. Àlàfo tó wà láàárín wọn tó ibi tí a lè tẹ́ aláìsàn sí.

“Ìyá Aránṣọ,” ni Baálẹ̀ wí, “kí ni wọ́n fi ṣe yín?”

“Wọ́n tún ọ̀nà wa ṣe, Baálẹ̀.”

“Ẹ̀sùn nìyẹn?”

“Wọ́n tún odò wa ṣe pẹ̀lú.”

“Ẹni tó bá túnlé ẹni ṣe, ọpẹ́ là ń dá lọ́wọ́ rẹ̀, Ìyá.”

“Mo ti fẹ́ dúpẹ́, Baálẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí ibi tí mo máa gbà lọ sọ́dọ̀ wọn. Odò kan àti ọ̀nà kan ló wà lẹ́yìn ilé mi tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti tún méjèèjì ṣe tán báyìí, odò méjì ló wà níbẹ̀.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìyá Aránṣọ kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù náà, ó sì fà wọ́n sábẹ́ bẹ́ǹṣì.

“Kí ló wà lódì kejì,” ni Baálẹ̀ bi í, “tẹ́ ẹ fi gbọ́dọ̀ kọjá?”

“Ọkọ mi.”

Ẹ̀rín náà kú. Kò sí ẹni tí kò mọ Bàbá Alápò. Òun ló ń pín lẹ́tà kiri ìlú títí irun orí rẹ̀ fi funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lára àwọn ẹsẹ̀ tó tẹ ọ̀nà etí odò yẹn mọ́lẹ̀. Ọdún tó kọjá ni wọ́n gbé e lọ sí itẹ́ òkú tó wà lódì kejì. Láti ìgbà náà, lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, bí ìsìn bá ti parí, Ìyá Aránṣọ a tọ ọ̀nà náà, a gun afárá pákó kọjá odò, a lọ jókòó tì í, a sì ròyìn ọ̀sẹ̀ fún un. Ìròyìn ẹlòmíràn ni ọkùnrin náà gbé lápò ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, bó bá délé, ohun tó máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, “Àwa ńkọ́, kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa?”

“Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀,” ni Ìyá Aránṣọ wí, “mi ò tíì débẹ̀. Ọmọ wa obìnrin ti bímọ. Kò tíì gbọ́.”

Apòògùn na ọwọ́ sókè. “Baálẹ̀, bó bá jẹ́ ti ọ̀rọ̀ sísọ nìkan ni, ṣé Ìyá ò lè sọ ọ́ láti ilé? Ẹni tó ti lọ kì í ṣe adití.”

“Ẹ̀yin náà ẹ dúró sí ṣọ́ọ̀bù yín lálẹ́,” ni Ìyá Aránṣọ dá a lóhùn, “kẹ́ ẹ máa kí ìyàwó yín láti ibẹ̀. Bó bá fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí yín, ẹ wá sọ fún mi.”

Baálẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu títí ojú rẹ̀ fi padà bọ̀ sípò. Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n.

“Ọ̀gá Tíṣà, níbo ni ọ̀nà tẹ́ ẹ tún ṣe wà?”

Ọ̀gá Tíṣà dìde, ó sì so bọ́tìnì kóòtù rẹ̀. “Baálẹ̀, ọ̀nà tí mo ṣe kò lábùkù. Mo to òkúta sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo mọ bẹ́ǹṣì síbẹ̀ fún ẹni tó bá rẹ̀. Títí di àárọ̀ yìí, òkúta kan kò yẹ̀.”

“Mo ní níbo ló wà?”

“Ní ibi tí mo ṣe é sí.”

“Níbo lẹ ṣe é sí?”

“Ó wà lábẹ́ omi fún ìgbà díẹ̀.”

Ìyá Agbẹ̀bí tẹ ara síwájú lórí ìjókòó rẹ̀. Òun ló dàgbà jù nínú àwọn ìjòyè, òun náà ló gbẹ̀bí tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ìdí nìyẹn tí kì í fi í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni nínú wọn. “Ìgbà díẹ̀ wo nìyẹn, ọmọ mi?”

“Títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi dé, Ìyá.”

“Ẹja ló wá ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ.”

“Odò kì í kún bo ẹja lójú, Ìyá.”

“Mo mọ̀. Bẹ́ǹṣì rẹ ló kún bò.”

“Ẹ dúró ná,” ni Baálẹ̀ wí. “Ṣé inú odò lẹ kọ́ ọ̀nà sí ni?”

“Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ mi ṣe àyẹ̀wò, Baálẹ̀, kò sí omi níbẹ̀. Ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ la bá, iyanrìn mímọ́, koríko kan kò hù láàárín rẹ̀. Bí ojú ọ̀nà ti máa ń rí nìyẹn.”

“Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí ìlú yìí? Ẹ ò wẹ̀ nínú odò yẹn rí?”

“Mo wẹ̀ níbẹ̀ lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n ètò kì í tẹ̀lé ohun tí alága rántí láti kékeré. Ohun tó bá wà nílẹ̀ lọ́jọ́ àyẹ̀wò là ń tẹ̀lé.”

“Afárá pákó wà lórí rẹ̀. Ẹ ò fura?”

“Ó yà wá lẹ́nu gan-an ni. Kí ni afárá ń ṣe lórí ọ̀nà? Àṣejù ni. A tú u.”

Ìyá Aránṣọ gbé ojú sókè. Ó ti ń rò pé omi ló gbé pákó náà lọ, ó sì ti ń bínú sí omi láti ọjọ́ yìí wá.

“A pe gbogbo ìlú sí ìpàdé,” ni Ọ̀gá Tíṣà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “A ní ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ lórí ilẹ̀ náà kó wá sọ ọ́. Odò kò wá, kò sì rán ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí a parí iṣẹ́ tán ló tó yọjú. Bó bá jẹ́ pé òótọ́ là ń wá, Baálẹ̀, odò ló yẹ kó dúró níbi tí mo dúró sí yìí.”

“Baálẹ̀,” ni Apòògùn wí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ògiri, “ẹ bá mi sọ fún ẹni tó wà ní ìparí bẹ́ǹṣì yìí pé bó bá bi mí léèrè ni, ǹ bá ti fi odò hàn án.”

“Ẹ̀gbọ́n yín ni. Ẹ sọ ọ́ fún un.”

“A kì í bá ara wa sọ̀rọ̀.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ìgbà pátákó,” ni Ìyá Agbẹ̀bí bá a dáhùn.

Gbogbo ìlú ló mọ ọ̀rọ̀ pátákó. Ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀rẹ̀. Ní ìpàdé àkọ́kọ́ ni wọ́n fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó. Ọ̀gá Tíṣà ní kí wọ́n kọ “Ọ̀nà àti Odò”, nítorí ọ̀nà lèèyàn ń tọ̀ kó tó dé odò. Apòògùn ní “Odò àti Ọ̀nà” ni, nítorí odò ti ń ṣàn kí wọ́n tó bí ẹni àkọ́kọ́ tó máa rìn. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ni “àti”. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìgbìmọ̀ ti di méjì, pátákó ti di méjì, àwọn méjèèjì tó ń gbé inú ilé kan náà sì ti ń gba ẹnu ìyàwó wọn béèrè iyọ̀ lọ́wọ́ ara wọn.

“Ó dáa,” ni Baálẹ̀ wí. “Apòògùn, ẹ̀yin ńkọ́? Ibo lẹ ti rí odò tiyín?”

“Ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an, Baálẹ̀. Ó rí tóóró, ó jìn lọ sísàlẹ̀, ó ń tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ bí odò ti ń ṣe. Gbòǹgbò igi yọ síta létí rẹ̀. Omi kò pọ̀ níbẹ̀, òótọ́ ni, àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní kí wọ́n wa ilẹ̀ rẹ̀ jìn sí i, kí ó lè ráyè mí.”

“Ọ̀nà wa nìyẹn,” ni Ìyá Aránṣọ wí.

“Omi wà níbẹ̀, Ìyá. Ojú mi ni mo fi rí i.”

“Omi ìfọṣọ mi ni. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo dà á síbẹ̀.”

Apòògùn yíjú sí àwọn ìjòyè pẹ̀lú ayọ̀. “Ẹ gbọ́ o. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ìgbìmọ̀ ń wá odò kiri, ẹnì kan da omi sílẹ̀ níwájú wa. Ta ló yẹ kó wá jẹ́jọ́ báyìí?”

Ìyá Aránṣọ fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ tó wà láyà rẹ̀, bí ẹni tó ń ronú ohun tó lè fi gún.

Baálẹ̀ ní kí àwọn ẹlẹ́rìí bọ́ síwájú. Bíríkìlà ló kọ́kọ́ jáde, òun ló bá Ọ̀gá Tíṣà to òkúta.

“Ilẹ̀ gbígbẹ ni, Baálẹ̀. Mo búra.”

“Kò sí àmì omi kankan?”

“Rárá o. Àfi akàn.”

“Akàn wo?”

“Akàn kan jáde nígbà tí mo ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ bẹ́ǹṣì. Mo rò pé ó ń rìnrìn àjò ni.”

“Lórí ọ̀nà?”

“Baálẹ̀, ṣé ibòmíràn wà tí wọ́n ti ń rìnrìn àjò ni?”

Oníṣẹ́ ọgbà tó gbin koríko etídò fún Apòògùn tẹ̀ lé e.

“Odò ni, Baálẹ̀. Mo gbin koríko sí i lọ́tùn-ún, mo gbin ín sí i lósì.”

“O ò rí ojú ẹsẹ̀ èèyàn nínú rẹ̀?”

“Mo rí i. Mo ní àwọn tó wá wẹ̀ ni.”

“Ojú kẹ̀kẹ́ ńkọ́?”

Ó fọwọ́ họ ẹ̀yìn ọrùn. “Ìyẹn ló rú mi lójú díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èwe òde òní, kò sí ohun tí wọn ò lè gùn wẹ̀.”

“Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ẹ ò rí ara yín lẹ́nu iṣẹ́ ni?”

“A rí ara wa,” ni bíríkìlà wí. “A jọ ń jẹun ọ̀sán lábẹ́ igi kan náà. Mo sọ fún un pé, ọ̀rẹ́ mi, ojú ọ̀nà lo ń gbin koríko sí yìí o. Ó ní, ọ̀rẹ́ mi, inú odò nìwọ náà ń mọ bẹ́ǹṣì sí. A rẹ́rìn-ín títí, a bu omi mu, a padà sẹ́nu iṣẹ́.”

“Ìwọ yìí kọ́ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ búra pé ilẹ̀ gbígbẹ ni?”

“Ìyẹn, ti iṣẹ́ ni, Baálẹ̀. Èyí, ti oúnjẹ ọ̀sán ni.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún àwọn ọ̀gá yín?”

Oníṣẹ́ ọgbà wo Apòògùn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. “Ọ̀gá mi ní ẹni tó bá pe ọ̀nà létí òun, kó má wá síṣẹ́ lọ́la.”

“Bákan náà ni tèmi sọ nípa odò,” ni bíríkìlà wí.

Ìyá Agbẹ̀bí rọra wúkọ́. “Baálẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ọ̀nà náà, ta ló gé okùn?”

Baálẹ̀ tún aṣọ èjìká rẹ̀ ṣe. “Èmi ni.”

“Ibo lẹ dúró sí?”

“Lórí iyanrìn kan báyìí. Ó mọ́ tónítóní.”

“Ẹ tún gbàdúrà pé kí ibẹ̀ má gbẹ láé.”

“Àdúrà wa gbà,” ni Baálẹ̀ wí, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ìyá Aránṣọ wò wọ́n yíká. Gbogbo wọn ló ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ gbogbo wọn ló sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òun nìkan ni kò níbi tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀. Ó dìde dúró.

“Baálẹ̀, mi ò ní kẹ́ ẹ fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi ni. Orúnkún mi kò gbé mi wọ omi mọ́. Bó bá di pé ẹ̀ẹ̀rùn ni mo máa dúró dè, mi ò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ara mi ni n ó fi lọ, àbí wọ́n á gbé mi lọ, tí mi ò ní padà.”

Ọ̀gá Tíṣà tún dìde.

“Ọ̀rọ̀ Ìyá wọ̀ mí lára. Mo dá a lábàá pé ká yan ìgbìmọ̀ tuntun kan tí yóò wádìí bí Ìyá yóò ṣe máa kọjá.”

“Ẹ bá mi sọ fún un,” ni Apòògùn wí, “pé mo fara mọ́ ọn.”

“Ẹ wò ó bí nǹkan ti rọrùn,” ni Baálẹ̀ wí. “Ta ni yóò wá ṣe alága?”

“Èmi,” ni ẹ̀gbọ́n wí.

“Èmi,” ni àbúrò wí.

Àwọn ìjòyè forí korí. Wọn kò pẹ́. Ohùn Ìyá Agbẹ̀bí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà tí Baálẹ̀ gbójú sókè, ó ní kí àwọn méjèèjì dìde, kí wọ́n sì kọjú sí ara wọn. Ó gbà wọ́n ní àkókò díẹ̀ kí ojú tó ko ojú.

“Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, bí ìsìn bá ti parí, ẹ̀yin méjèèjì ẹ ó wá sí ẹnu ọ̀nà Ìyá Aránṣọ. Ẹ ó di ọrùn ọwọ́ ara yín mú, bí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń ṣe nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé ẹni tó fẹsẹ̀ ṣẹ́ níbi eré bọ́ọ̀lù. Ìyá yóò jókòó lé e. Ẹ ó gbé e kọjá odò tí àbúrò dá sílẹ̀, ẹ ó gbé e kọjá odò tí Ọlọ́run dá sílẹ̀. Ẹ ó dúró dè é títí yóò fi sọ tẹnu rẹ̀ tán, bó bá sì wù ú kó sun díẹ̀, kó sùn. Lẹ́yìn náà ẹ ó gbé e padà. Bẹ́ẹ̀ lẹ ó máa ṣe títí ọ̀nà yóò fi padà sórí ilẹ̀, tí odò nìkan yóò sì kù nínú odò.”

“Baálẹ̀,” ni Ọ̀gá Tíṣà wí, “a kì í bá ara wa sọ̀rọ̀.”

“Ta ló ní kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀? Bẹ́ ẹ bá lè gbé arúgbó kọjá odò méjì láìlanu, ẹ pa ẹnu yín mọ́.”

“Bó bá ṣubú ńkọ́?” ni Apòògùn béèrè.

“Ẹni tó bá jẹ́ kó ṣubú yóò di igbákejì alága lábẹ́ èkejì títí ọjọ́ ayé rẹ̀.”

Ẹ̀rù tó wà lójú àwọn méjèèjì jọ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí yóò fi mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

“Bíríkìlà àti oníṣẹ́ ọgbà,” ni Baálẹ̀ ń bá a lọ, “ẹ ó máa wá síbí lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kẹ́ ẹ wá tún ohun tẹ́ ẹ sọ lábẹ́ igi sọ fún wa. Èmi tí mo gé okùn, èmi ni n ó máa gbé bàtà Ìyá. Ẹ jẹ́ ká lọ. Ọjọ́ Ìsinmi tó ti sọ nù ti pọ̀ jù.”

Ìlú tẹ̀ lé wọn dé ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Ọ̀gá Tíṣà ká ṣòkòtò sókè, Apòògùn ká tirẹ̀. Wọ́n nawọ́ síra wọn bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan irin gbígbóná. Ìyá Aránṣọ jókòó lé ọwọ́ wọn, ó sì gbé apá lé wọn lọ́rùn. Ó ti gbàgbé bó ṣe máa ń rí kí ẹlòmíràn gbé ẹrù rẹ̀.

Wọ́n kọjá odò àkọ́kọ́ láìsọ nǹkan kan. Nínú odò kejì, omi dé itan wọn. Ọ̀kan ń fà síwájú, èkejì ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, Ìyá Aránṣọ sì rí i pé ọwọ́ tó wà lábẹ́ òun ti ń yọ̀. Kò pariwo. Ó di ọrùn wọn mú sí i.

“Ẹsẹ̀ òsì,” ni Apòògùn wí, ó ń wo omi.

Ọ̀gá Tíṣà gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún.

“Mo ní ẹsẹ̀ òsì. Bẹ́ǹṣì yín wà níwájú.”

“Mo mọ ibi tí bẹ́ǹṣì mi wà,” ni Ọ̀gá Tíṣà wí, ojúgun rẹ̀ sì bá bẹ́ǹṣì náà pàdé. Ó fi eyín di ètè mú. Lórí bèbè tí wọ́n ti wá, ẹ̀rín Ìyá Agbẹ̀bí ló dá yàtọ̀ nínú ti gbogbo èèyàn.

“Ṣé o dì mí mú?” ni ẹ̀gbọ́n béèrè lẹ́yìn ìgbà díẹ̀.

“Mo dì yín mú.”

“Sún mọ́ mi díẹ̀. Ìyá ń tẹ̀ sọ́dọ̀ mi.”

Bí wọ́n ṣe dé òkè nìyẹn. Baálẹ̀, tó ti la omi kọjá tẹ̀ lé wọn, wọ bàtà fún un, ó sì lọ dúró lókèèrè. Ìyá Aránṣọ nìkan ló rìn dé ibojì náà. Ó fa koríko tó ti hù sórí rẹ̀ tu, ó jókòó, ó sì sinmi títí èémí rẹ̀ fi wálẹ̀.

“Mo pẹ́,” ló wí. “Ẹ má bínú. Ọmọ wa ti bímọ. Obìnrin ni. Imú yín ló gbé wá, a ti bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbé e padà.”

Ohùn àwọn ọkùnrin méjì dìde láti etí odò, wọ́n ń jiyàn ibi tó yẹ kí wọ́n tẹ́ pákó afárá sí. Ọ̀kan ní òkè, èkejì ní ìsàlẹ̀. Ọ̀kan ní, “Ìwọ yìí, láti kékeré lo ti lórí kunkun.” Èkejì ní, “Ta lẹ rò pé ó kọ́ mi?”

Ìyá Aránṣọ yí padà wò wọ́n, ó sì tún kọjú sí ọkọ rẹ̀.

“Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni,” ló sọ fún un. “Wọ́n ń bá ara wọn jà. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ọ̀nà ni wọ́n ń ṣe yẹn.”